Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá omi etíkun dára fún ìlúwẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó máa ń kó ọmọ lọ sí etíkun Southend, Margate tàbí Brighton nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn a wo omi náà, wọn a rí i pé ó mọ́, wọn a sì gbà kí àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí ohun tí ó ń fa àìsàn nínú omi òkun. Èyí tí ẹrẹ̀ ẹnu odò Thames mú kí ó pọ́n lè má ní àrùn kankan nínú, èyí tí ó sì ń dán lè ti gba omi ìgbọ̀nsẹ̀ tí òjò àná gbé wá. Ìsọfúnni tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ wà ní gbangba fún ẹni gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí ní ojú kan ṣoṣo, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè kà á papọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá etíkun tí ẹ ń lọ wà lára àwọn tí ìjọba yàn fún ìlúwẹ̀ẹ́. Irú ibẹ̀ lé ní 400 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ Environment Agency, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó àyíká, ni ó sì ń bu omi wọn lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án. Ní Wales, Natural Resources Wales ni ó ń ṣe é. Ní Scotland, SEPA, ilé iṣẹ́ tí ó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, ni. Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣí Swimfo, ojú ewé Environment Agency lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ orúkọ etíkun náà sí i. Orúkọ ìlú nìkan kò tó, nítorí pé ìlú kan lè ní etíkun púpọ̀ tí àbájáde wọn kò dọ́gba: ní Southend, Thorpe Bay yàtọ̀ sí Chalkwell. Bí ẹ kò bá rí etíkun yín lára wọn, a jẹ́ pé wọn kì í yẹ omi ibẹ̀ wò lọ́nà tí òfin omi ìlúwẹ̀ẹ́ là sílẹ̀, èmi kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kó ọmọ kékeré wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń sọ bí omi etíkun náà ṣe dára tó. Ìràwọ̀ 3 túmọ̀ sí pé omi náà dára jù lọ, 2 túmọ̀ sí pé ó dára, 1 túmọ̀ sí pé ó kàn tó. Èyí tí kò dára kì í ní ìràwọ̀. Àwòrán òmùwẹ̀ tí a fi ìlà pupa dábùú ni ẹ ó rí, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí a má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà máa ń gbé e sára pátákó ní etíkun. Bakitéríà méjì ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó fún ibì kan ní ìràwọ̀, èyíinì ni E. coli àti enterococci. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni méjèèjì ń gbé, nítorí náà, ibi tí a bá ti rí wọn lọ́pọ̀, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀, àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru sì lè ti bá a dé. Kí omi òkun tó gba ìràwọ̀ 3, ìṣirò gbọ́dọ̀ fi hàn pé nínú ìdá 95 lórí 100 àyẹ̀wò, E. coli kò ju 250 lọ, enterococci kò sì ju 100 lọ, nínú milílítà 100 omi. Fún ìràwọ̀ 2, ìlọ́po méjì iye wọ̀nyí ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà rèé: wọ́n rò pé ìràwọ̀ ń sọ bí omi ṣe rí lónìí. Àbájáde ọdún 4 ni wọ́n kó jọ láti ṣírò rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá lọ bu omi, ó máa ń wọ inú òkun dé ibi tí ó jìn tó nǹkan bíi mítà kan, á ri ìgò tí kò ní kòkòrò kankan sísàlẹ̀ ojú omi ní sẹ̀ǹtímítà 30, á sì fi í pamọ́ sínú òtútù àti òkùnkùn títí yóò fi dé ilé àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sẹ́ omi náà, tí wọ́n sì ń gbé ohun tí ó ṣẹ́kù sórí asẹ́ síbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí bakitéríà lè hù. Enterococci nìkan ń gbà tó wákàtí 44 kí a tó lè kà á. Kí iye náà tó dé ojú ewé, oòrùn ti pa nínú àwọn bakitéríà náà, òkun ti kún, ó ti fà, òjò mìíràn sì lè ti rọ̀. Ohun kan tún wà tí pátákó kì í sọ. Bí a bá ti kìlọ̀ fún ará ìlú pé ìdọ̀tí ìgbà díẹ̀ lè wà nínú omi, òfin gbà kí a yọ àbájáde irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, títí dé nǹkan bí ìdá 15 lórí 100. N kò pe èyí ní ẹ̀tàn, nítorí pé ìkìlọ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbójú lé ìràwọ̀ láìka ìkìlọ̀ ti fi ara rẹ̀ sínú ewu ọjọ́ òjò tí ìràwọ̀ náà kò kà.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wo ohun méjì mìíràn. Àkọ́kọ́ ni àsọtẹ́lẹ̀ ewu ìdọ̀tí tí Swimfo máa ń gbé jáde lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ etíkun ní sáà ìlúwẹ̀ẹ́. Èkejì ni òjò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ níbẹ̀, páìpù kan náà ni ó ń gbé omi òjò àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀, páìpù á kún, wọn a sì tú àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ sínú odò tàbí òkun kí ó má bàa padà wọ ilé àwọn ènìyàn. Òfin àyíká ọdún 2021 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ omi kéde irú ìtúsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ sì lè rí i lórí máàpù tí a ń pè ní National Storm Overflow Hub. Bí máàpù bá fi hàn pé páìpù kan nítòsí ń tú omi jáde, òun ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, ìràwọ̀ ì báà jẹ́ 3. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ fún òkun ní wákàtí 48.

Nígbà tí ẹ bá dé etíkun, ẹ wo ibi tí páìpù tàbí odò kékeré ti ń ṣàn gba orí yanrìn kọjá. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò jìn, ó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju òkun lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti òkun lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣeré níbẹ̀ rárá. Àsíá náà ṣe pàtàkì. Àárín àsíá pupa òun yẹ́lò méjì ni àwọn adóòlà ń ṣọ́, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti yẹ bakitéríà wò níbẹ̀. Àsíá pupa nìkan ní tirẹ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ẹni tí ó bá ní egbò kí ó dì í dáadáa tàbí kí ó dúró lórí yanrìn. Aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù lọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má gbé omi òkun mì, kí wọ́n sì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Bí èébì, ìgbẹ́ gbuuru tàbí etí dídùn bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kí ẹ sì sọ ọjọ́ àti ibi tí ó jẹ́. Bí ẹ bá fi ojú ara yín rí omi ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ gbòde ní etíkun, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ kọ àkókò sílẹ̀, kí ẹ sì pe Environment Agency sórí 0800 80 70 60, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́sàn-án àti lóru.