Bí oníwárápá bá ń tu oògùn rẹ̀ jáde

Ilé ìtọ́jú àwọn àkàndá ẹ̀dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń tu Epilim Chrono, hóró oògùn wárápá rẹ̀, jáde. Abẹ́ ìrọ̀rí la ti ń rí i. Omi kò gbé e. Nínú yọ́gọ́ọ̀tì, ó fi ahọ́n ṣa hóró náà síta kedere! Ẹnì kan ní ká lọ̀ ọ́. Apoògùn ní ká má dán an wò: díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa tú nínú ara, bí a bá lọ̀ ọ́, yóò ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló bá dókítà sọ ọ́, wọ́n sì fún un ní olómi. Ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa, ẹ fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ kán an sínú ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó gbé e mì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé oògùn. Tiwa gbà á. Gbogbo oògùn kọ́ ló ní olómi, ẹ bi apoògùn yín.