Ẹ fi ìwé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí aláìsàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ní jẹjẹrẹ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ìrora sílẹ̀: aago tó dé, ibi tó ti ń dùn, bó ṣe le tó láti 0 (kò dùn rárá) dé 10 (ó le jù lọ), oògùn tí wọ́n lò. Màmá mi kàn máa ń sọ fún dókítà pé "ó sàn díẹ̀." Ìwé yẹn ló tú àṣírí pé aago mẹ́ta òru ni ìrora ń jí wọn. Bí dókítà bá ní kí ẹ fún aláìsàn ní mọ́fíìnì, oògùn tó ń dín ìrora líle kù, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ má dúró dìgbà tí ìrora bá dé. Mọ́fíìnì máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, torí náà ẹ tètè béèrè oògùn ìyẹn náà. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín ṣọ́ òru kan.