Bí Mo Ṣe Ya Ìlò Omi Amẹ́ríkà Láti 1950 sí 2015 Sórí Káàdíbọ́ọ̀dù

Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì mi ní Òṣogbo nípa bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń lo omi láti ìran dé ìran, mo pinnu pé àwòrán ìlà kan tí ó kó ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ yóò wúlò ju ojú ìwé mẹ́wàá tí wọn yóò há sórí lọ. Ti Nàìjíríà ni ì bá wù mí jù. Ṣùgbọ́n irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń béèrè iye tí a ṣírò ní ọ̀nà kan náà láti ìgbà dé ìgbà, bẹ́ẹ̀ inú kànga àti kànga ẹ̀rọ tí kò ní mítà ni ọ̀pọ̀ omi tí àdúgbò mi ń lò ti ń wá, kò sì sí ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá yan Amẹ́ríkà, nítorí pé láti ọdún 1950 títí di 2015 ni USGS, àjọ ìjọba tí ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀ àti omi níbẹ̀, fi ń ṣírò iye omi tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń fà jáde lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Kenneth MacKichan ni ó kọ ìwé ìṣirò àkọ́kọ́ nínú wọn.

Gálọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe ìṣirò wọn, nítorí náà mo kọ́kọ́ yí gbogbo rẹ̀ sí lítà. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546, ẹni tí ó bá fi èkejì ṣírò èkíní yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kún omi àwọn ará Amẹ́ríkà láìṣẹ̀. Mo to àwọn ọdún sí ìbú káàdíbọ́ọ̀dù, mo to bílíọ̀nù lítà lójúmọ́ sí òró rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí i.

Ní 1950, omi tí wọ́n ń fà lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù lítà 680. Ó ń gòkè láìdáwọ́ dúró títí ó fi dé 1,630 ní 1980. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ díẹ̀, ó dúró sí àárín 1,500 sí 1,570 fún ogún ọdún, kí ó tó ṣubú lẹ́yìn 2005, tí ó fi di 1,220 ní 2015. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà pé omi oníyọ̀ wà nínú àwọn iye wọ̀nyí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá. Ní 2015, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi tí kò níyọ̀.

Ìlà kejì ni mo fẹ́ràn jù. Mo pín omi ọdún kọ̀ọ̀kan fún iye ènìyàn ọdún náà: mílíọ̀nù 151 ní 1950, 230 ní 1980, 325 ní 2015. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi lítà 4,500 lójúmọ́ ní 1950, ó di 7,100 ní 1980, ó sì padà sí 3,750 ní 2015. Àwọn ènìyàn ti ju ìlọ́po méjì lọ, síbẹ̀ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré sí ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé, “Ẹ̀yin sà, ṣé wọn kì í wẹ̀ mọ́ ni?” Ìbéèrè gidi ni, òun ni ó sì mú kí n ya ìlà ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Omi tí ń tu ilé iṣẹ́ amúnáwá lára gòkè láti bílíọ̀nù lítà 150 lójúmọ́ ní 1950 sí 795 ní 1980, ó sì já wá sí 503 ní 2015. Ìdínkù ti ẹ̀ka yìí nìkan tó ìdá méje nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí ó dín kù láti 1980. Àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ ń fa odò wọlé, wọ́n ń fi mú ooru kúrò, wọ́n sì ń dà á padà sódò pẹ̀lú ìgbóná, bí irin gbígbóná tí alágbẹ̀dẹ rì bọ omi, tí omi náà gbóná ṣùgbọ́n tí kò tán. Lẹ́yìn òfin omi mímọ́ ti 1972, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yí omi kan náà po lálòtúnlò, àwọn tí ń lo gáàsì sì ń gba ipò àwọn tí ń lo èédú. Ibí yìí ni mo ti ní kí àwọn ọmọ má tètè pàtẹ́wọ́: omi tí ọ̀nà tuntun ń fà kéré gan-an, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń di oru omi tí kì í padà sódò.

Ní ti omi ẹ̀rọ ìlú, ó ń pọ̀ sí i títí di 2005, lẹ́yìn náà ni ó dín kù. Òfin kan ti 1992 wà lára ohun tí ó mú un dín kù, nítorí ó pàṣẹ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun kò gbọdọ̀ fi ju lítà mẹ́fà lọ ṣàn lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, ní 2015, ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì ń lo lítà 310 nínú ilé àti àyíká rẹ̀ lójúmọ́. Mo sọ fún wọn pé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlá nìyẹn, gbogbo kíláàsì sì kígbe, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni ó ń pọnmi kí wọ́n tó wá sílé ẹ̀kọ́.

Omi ìbomirin oko náà dín kù, láti 570 ní 1980 sí 447 ní 2015, bí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ tí ń wọ́n omi àti ọ̀pá tí ń kán an sídìí ewéko rọ́pò dída omi bolẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà gbogbo orílẹ̀-èdè kò lè fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Kansas àti Texas hàn, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ Ogallala ti ń lọ sílẹ̀ nítorí pé fífà rẹ̀ yá ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ. Mo fi bírò pupa kọ orúkọ Ogallala sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà.

Mo parí ìlà sí 2015. Láti ìgbà náà ni USGS ti yí ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ padà, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdíyelé oṣooṣù fún àwọn ẹ̀ka tí ó tóbi jù. Nítorí pé ọ̀nà méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan, n kò so wọ́n pọ̀, mo sì fi apá ọ̀tún káàdíbọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ fún àwòrán mìíràn tí yóò ní ìdiwọ̀n tirẹ̀.