Bẹ́ ẹ ṣe lè tú orúkọ obìnrin ará Bùlùgáríà

Tẹ́ ẹ bá pàdé obìnrin ará Bùlùgáríà kan, bóyá níbi iṣẹ́ nílùú ọba ni o àbí lórí Facebook, tó ń jẹ́ Tsvetana àbí Stoyanka, tẹ́ ẹ wá fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ sórí àwọn sáìtì orúkọ ọmọ yẹn, gbogbo orúkọ ló ń túmọ̀ sí "arẹwà" lọ́dọ̀ tiwọn.

Ìrù orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé. -ka, -ana, -elina, wọ́n kàn ń sọ orúkọ di ti obìnrin ni, àbí orúkọ ìkẹ́. Ẹ gé -ana lára Tsvetana, tsvet ló kù, òdòdó nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ -slava ló gbẹ̀yìn, ẹ má gé e o, ògo ni slava, orúkọ àtijọ́ gidi nirú ẹ̀. Desislava kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Boyana nítòsí Sofia, 1259 ni wọ́n ya àwòrán ẹ̀, òun àti ọkọ ẹ̀ Kaloyan tó gbé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré dání.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni Stoyanka, Stanka, Zhivka. Inú ọ̀rọ̀ "dúró" ni Stoyanka ti wá, Zhivka sì ni ẹni tó wà láàyè. Láyé àtijọ́ tọ́mọ bá ń kú mọ́ ìyá lọ́wọ́, irú orúkọ yìí ni wọ́n máa sọ èyí tó tẹ̀ lé e kó má bàa lọ. Ẹni tó bá mọ Dúrójayé ò nílò àlàyé kankan níbí.

Tẹ́ ẹ bá gé gé tí ò yé yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Gíríìkì. Bíi Stefka, adé ni. Stefka Kostadinova ló fò ga tó mítà 2.09 ní Róòmù lọ́dún 1987, tẹ́nikẹ́ni ò fò jù ú lọ títí di 2024. (-ova tó wà níparí yẹn, ti obìnrin náà ni.)

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bi í pé kí lorúkọ ìyá àgbà ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òbí ìsinsìnyí, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìyá àgbà nìkan ni wọ́n ń mú fún ọmọ, ọmọ-ọmọ Tsonka lè tìtorí bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ Tsvetelina.

Tó bá jẹ́ orúkọ òdòdó, Tsvetnitsa, ìyẹn Sunday tó ṣáájú Àjíǹde tiwọn, lọjọ́ orúkọ ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa ń bá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ṣàjọyọ̀. Wọn kì í pe èèyàn síbẹ̀, ẹ kàn lọ sílé ẹ̀ ni. Òdòdó tẹ́ ẹ máa mú dání, kó jẹ́ 3 àbí 5 o, ẹ má mú 4 lọ, ti òkú nìyẹn.