Kí Bàbá Má Kẹ̀yìn sí Ìsìnkú Wọn: Bí Mo Ṣe Ń To Pósítà

Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nídìí iṣẹ́ báńà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mo ṣe pósítà ìsìnkú bàbá àgbàlagbà kan. Fọ́tò gidi ni: agbádá sányán, fìlà, Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n kọjú sí òsì. Mo gbé wọn sí apá òsì ìwé, mo kó ọjọ́ àti ibi ìsìn sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ wọn obìnrin pè mí: "Bọ̀ọ̀dá, gbogbo ayé ló rí Dádì wa, wọ́n ṣì ń bi wá pé ọjọ́ wo ni." Bàbá ti kẹ̀yìn sí ìsìnkú ara wọn.

Ojú ló ń fa ojú. (Èyí tí a fi ń dá èèyàn mọ̀ àti èyí tí a fi ń ríran, àwa Yorùbá kúkú fún méjèèjì lórúkọ kan náà.) Alfred Yarbus, olùwádìí ará Rọ́ṣíà, fi ẹ̀rọ tọ ipasẹ̀ ojú àwọn tó ń wo àwòrán kan tí Ilya Repin yà, ìwé tí Yarbus kọ nípa rẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1967. Ipasẹ̀ náà ń padà léraléra sí ojú àwọn èèyàn inú àwòrán.

Ibi tí ojú náà bá sì ń wò, àwa náà á wò ó. Ẹ dúró ní Dùgbẹ̀ kí ẹ tẹjú mọ́ òrùlé kan, ẹ ó rí iye èèyàn tó máa gbójú sókè. Nítorí náà, bí Bàbá bá kọjú sí òsì, apá ọ̀tún ìwé ni kí ẹ gbé wọn sí, kí ọ̀rọ̀ wà níwájú wọn. Ẹ má yí fọ́tò padà bíi ti inú dígí o! Mo dán an wò rí: ilà ìbàmú tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún, ẹbí ní àwọn ò mọ ẹni yẹn. Èmi ni mo sanwó ìwé tí a tún tẹ̀.

Bí wọ́n bá ń wo ọ̀ọ́kán, ẹ wo ohun tí ara ń ṣe: ìka, ìgbọ̀nwọ́, ọ̀pá, ìrùkẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá nà sí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọjọ́ sí. Báńà tí ọlọ́kadà máa rí láti òkèèrè, ẹ lo odindi ara, torí ìdúró èèyàn la fi ń dá a mọ̀ kí ojú tó hàn. Ti ara ògiri, ẹ gé e ní àyà. Ẹ má gé e ní ọrùn láé. Òkú tí kò lọ́rùn, ẹbí wo ni yóò gbà á?

Fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n máa ń ní ká tò sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó kéré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń jí ojú.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ dorí rẹ̀ kodò. Olùwádìí kan, Robert Yin, fi hàn ní 1969 pé tí a bá dorí ojú èèyàn kodò, ó máa ń ṣòro láti dá mọ̀ ju ilé tí a dorí rẹ̀ kodò lọ. Agbára ojú Bàbá á rọlẹ̀, ẹ ó wá mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ lè dá dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ pe ọmọ kan tó ń kọjá, kó wò ó títí ẹ ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá ní fìlà Bàbá pupa, tí kò sì mọ ọjọ́, ẹ padà sídìí kọ̀ǹpútà.