Bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ alágbàṣe nídìí ebè kíkọ

Ọlọ́ko tó bá ń sanwó òòjọ́ fún alágbàṣe láì wọn iṣẹ́ wọn kò mọ ohun tó ń rà. Lónìí, èèyàn mẹ́rin á wọko, ilẹ̀ á sì lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, mẹ́fà á wọ̀ ọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ ò ní ju ti àná lọ.

Igba-igba ni ká máa ka ebè, torí òun ni alágbàṣe fúnra rẹ̀ fi ń dá owó. Bí ebè ẹ̀gẹ́ bá jìnnà síra ní mítà 1 níhà gbogbo, héktà 1 á gba ebè 10,000, ìyẹn igba lọ́nà 50. Éékà 1 á gbà tó 4,000, igba lọ́nà 20. Ẹni tó bá ní òun kọ igba 30 sórí éékà kan, yálà kò mọ̀ ọ́n kà, tàbí ó fún ebè pọ̀.

Ẹ gé ọparun tó gùn ní mítà 1, kí ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí gíga ebè gbọ́dọ̀ dé. Téèpù dára, ṣùgbọ́n ọparun kì í jẹ yín lówó, kò sì burú bó bá sọnù sínú koríko. Kẹ́ ẹ tó dúnàá dúrà, ẹ ní kí olórí wọn kọ ebè kan lójú yín. Bó bá tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́rùn, ẹ ki igi bọ̀ ọ́ lórí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí iṣẹ́ fi parí. Ẹ kọ aago tí ọkọ́ àkọ́kọ́ wọlẹ̀ sínú ìwé, kì í ṣe aago tí wọ́n dé. Ẹ yọ àkókò oúnjẹ kúrò.

Ibi tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kíkà. Bẹ́ ẹ bá ti fi iye ebè sanwó, iye náà ni wọ́n á máa lé. Ebè aago méje á tó orúnkún, ti aago mọ́kànlá á dà bí òkìtì tí òkété wú. Òmíràn á kàn wa erùpẹ̀ bo koríko láì hú gbòǹgbò rẹ̀. Lójú, ebè ni. Kò ní pẹ́ tí koríko á yọ lórí rẹ̀, ẹ ó sì tún sanwó oko ríro.

Mo ti rí ọlọ́ko tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ka ìlà mẹ́ta, tó fi ìyẹn ṣírò ìyókù. Ẹ má dán an wò. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ dáadáa jù, torí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ lojú yín á kọ́kọ́ bà. Ẹ̀yìn oko ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó kángun sí ààlà. Ẹ máa kà bọ̀. Ebè tó bá bọ́ sí 20, 40, 60, títí lọ, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wọn gíga rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò bóyá koríko tútù ló wà nínú. Ẹ má yan èyí tójú yín rí pé ó burú. Ìjà nìyẹn ń dá sílẹ̀. Olórí wọn gbọ́dọ̀ bá yín rìn, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ ò ní mọ èyí tí òjò wó yàtọ̀ sí èyí tó kéré látilẹ̀.

Ìṣirò ò le mọ́. Ká ní èèyàn 4 ṣiṣẹ́ wákàtí 5, wákàtí 20 nìyẹn. Wọ́n kọ ebè 800: 40 ní wákàtí kan fún ẹnì kan. Nínú ebè 40 tẹ́ ẹ dúró yẹ̀ wò, ọ̀kan nínú ogún-ogún, 8 ò dáa, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ yọ 160 kúrò. 640 ló kù, 32 ní wákàtí kan. Ká wá ní ẹgbẹ́ kejì jẹ́ èèyàn 6, wákàtí 5, ebè 1,020, gbogbo rẹ̀ dáa. 34 nìyẹn. Àwọn tẹ́ ẹ rò pé wọ́n ń fà sẹ́yìn ló ṣiṣẹ́ jù.

Kí wọ́n tún èyí tó burú kọ sàn ju kẹ́ ẹ yọ owó lọ, ṣùgbọ́n wákàtí àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ wọ ìwé.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, ẹ wo ilẹ̀. Ilẹ̀ tí òjò ò tíì rọ̀ sí, tàbí tí gbòǹgbò pọ̀ níbẹ̀, kò ṣeé fi wé àkùrọ̀. Ẹ wo ọkọ́ náà. Ọkọ́ tó ti jẹ dé ìdí ń jẹ wákàtí. Èmi máa ń fi méjì tó mú pamọ́ sí abà, mo sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ, torí ẹni tó bá rìn lọ sódò lọ mumi kì í tètè dé.

Ebè kíkọ nìkan ni mo ń fi igba san. Bó bá di gbígbin igi ẹ̀gẹ́, owó òòjọ́ ni mò ń san, torí ẹni tó ń sáré ka iye á máa dorí igi kodò.