Àmì kékeré tí ọmọ mi fi sí ìwé mi

Ìka ọwọ́ mi ni kò kọ́kọ́ jẹ́ kí n ṣe GCE, ìdánwò WAEC fún ẹni tí kò sí níléèwé mọ́. Mo ti tọ́jú owó fọ́ọ̀mù, mo ti gba nọ́ńbà NIN, mo ti ya fọ́tò pélébé. Mo wá jókòó síwájú ọmọkùnrin tó ń forúkọ ẹni sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní kí n nu ọwọ́, mo nù ún mọ́ ìró mi. Ẹ̀rọ tún kọ̀. A gbìyànjú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá títí àwọn tó tò sẹ́yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. “Mọ́mì, ọwọ́ yín ò ní ìlà mọ́,” ni ọmọ náà sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń túfọ̀.

Aláró ni mí, l'Ábẹ́òkúta. Láti 1996 ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ aró. Láyé àwọn ìyá wa, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Aró inú agolo ni àwa ń lò báyìí, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà, sódà ò sì mọ̀yàtọ̀ láàárín aṣọ àti awọ ènìyàn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í pẹ́ ya. Ìlà ìka mi ti pa rẹ́ bí ilà ojú ṣe pa rẹ́ lójú àwọn ọmọ wa.

Ọmọkùnrin yẹn ní kí n jìnnà sí aró fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí n máa fi òrí pa ọwọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n tó padà wá. Ọjọ́ mẹ́wàá kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú. Oníbàárà kan tó fẹ́ ṣe aṣọ ẹbí kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá àwọn ọmọ mi ò bínú, ó kàn bi mí lálẹ́ ọjọ́ kẹrin pé, “Ṣé ọwọ́ náà ti ń hù?” àfi bí ẹni ń béèrè iṣu. Lọ́jọ́ kọkànlá, ẹ̀rọ gba ìka mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó níbẹ̀.

Ọdún 2022 nìyẹn, ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí. SS2 ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, tí wọ́n fi mí síṣẹ́ aró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mi ò sì wẹ̀yìn wò. Ohun tó jí mi ni ẹgbẹ́ wa lọ́jà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ ìwé ìpàdé wọn, wọn ò sanwó fún mi, wọn ò sì rí àṣìṣe mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ akọ̀wé ránṣẹ́ síbi tí a ti fẹ́ yá owó, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ní ìwé mẹ́wàá. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di àdìrẹ oníko ni wọ́n fi síbẹ̀. Mo bá a yọ̀. Mo délé, mi ò lè jẹun.

Iṣẹ́ mẹ́fà ni mo mú: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Yorùbá, Economics, Civic Education àti Biology. Mi ò rówó tíṣà tí yóò máa wá sílé, ọmọ mi àgbà ló di tíṣà mi. SS3 lòun fúnra rẹ̀ wà, WAEC tirẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù Karùn-ún, JAMB náà ń bọ̀ ní oṣù yẹn kan náà. Láago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mọ́kànlá, láti oṣù Kìíní, èmi àtiẹ̀ la máa ń wà nídìí tábìlì, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì nígbà tí NEPA bá mú un lọ. Orúkọ yẹn ni mo ṣì ń pè é.

Ilé wá yí padà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi kejì, ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, ló bọ́ sí ìdáná alẹ́. Bàbá wọn máa ń ro ẹ̀bà tó le bíi búlọ́ọ̀kù nígbà tó bá kàn án, gbogbo wa sì máa ń dúpẹ́. Ti àbíkẹ́yìn ló dùn mí jù. Ààlọ́ ni mo fi ń mú un sùn láti kékeré. Alẹ́ kan ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ààlọ́ o!” Mo ní kó dúró kí n parí iṣẹ́ kan. Nígbà tí mo gbójú sókè ó ti lọ, mo sì gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń purọ́ ìjàpá kan fún un nínú yàrá, ààlọ́ tí kò lórí tí kò nídìí. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí tèmi lọ.

Ìyá ọkọ mi ò fi tirẹ̀ bò. Ó bi mí bóyá gómìnà ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo ní, “Ìyá, ṣebí Ọbásanjọ́ náà padà síléèwé lẹ́yìn tó ṣe ààrẹ tán, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé.” Mama wò mí. “Ọbásanjọ́ kì í dáná,” ni wọ́n wí. Mi ò rí èsì fún wọn dòní.

Ìṣirò ló ṣe mí ṣìbáṣìbo jù, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí ìṣirò ni mò ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí o bá ní ṣíbí sódà mẹ́ta ló ń lọ pẹ̀lú ṣíbí aró márùn-ún, tí aró bá wá di ogún, mo ti mọ̀ pé sódà á jẹ́ méjìlá kí o tó panu dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé kọ ọ́ pé x : 20 = 3 : 5, ojú mi ṣú. Ọmọ mi ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó fi sódà rọ́pò x, ọ̀nà sì là. Láti ọjọ́ yẹn gbogbo x ti di sódà nílé wa, àbúrò rẹ̀ sì ń bú u pé ó ń fi aró kọ́ni ní algebra.

Ìwé tí ó ń máàkì fún mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Báìrò pupa ló máa ń lò. Tí mo bá gbà á, ó máa ń fi àmì tó gùn, tó fẹjú, sí i. Tí mi ò bá gbà á, n kì í rí X. Ó lé ní oṣù kan kí n tó rí i pé àmì tóótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí mo kùnà, ó kéré débi pé mo rò pé báìrò ló kán sílẹ̀. Mo pè é. Ó wolẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, mi ò lè fa X síwèé yín.” Ọmọ tí mo kọ́ láti máa kúnlẹ̀ kíni, báwo ni yóò ṣe sọ fún mi pé mi ò gbọ́n? Ohun tó máa ń sọ dípò “ẹ ò gbà á” ni “ẹ jẹ́ ká tún un wò.” Mo ní kó máa fa X, àṣẹ ni. Ó fà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tìtìjútìtìjú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì ó padà sí tóótó rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Nígbà ìdánwò, olùṣọ́ gbọ̀ngàn rò pé mo sin ọmọ wá ni, ó ní òbí ò gbọdọ̀ wọlé. Mo fi fọ́tò ara mi hàn án. Ìbéèrè àádọ́ta ni ti Ìṣirò alákọ̀ọ́kọ́, wákàtí kan àtààbọ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, márùn-ún tí kò sí yíyàn, àti márùn-ún tí wàá ṣà nínú mẹ́jọ, wákàtí méjì àtààbọ̀. Méje ni mo rí ṣe nínú mẹ́wàá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àròkọ ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ ó dín àádọ́ta kò dẹ́rù bà mí, tí ènìyàn bá ti ń kọ ìwé ìpàdé ọjà fún ọdún mẹ́ta. Oral ni mo bá jà, nítorí “ship” àti “sheep” ọ̀kan náà ni létí mi.

Èsì jáde: C5 ní Gẹ̀ẹ́sì, B3 ní Yorùbá, C6 ní Economics àti Biology, B3 ní Civic. Ìṣirò, E8, kò tó kírẹ́díìtì. WAEC ọmọ mi dára ju tèmi lọ. JAMB rẹ̀ ni kò tó ohun tí yunifásítì tó fẹ́ ń béèrè.

Mi ò lè sọ pé èmi ni mo fà á. Mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe èmi. Wákàtí méjì lálẹ́, láti oṣù Kìíní sí oṣù Karùn-ún, ènìyàn lè fi kàwé ara rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá wọn, ó ní ọmọ tó ń kọ́ni ló ń mọ̀wé jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí n sùn.

Mo kọ Ìṣirò lẹ́ẹ̀kan sí i nínú NECO ti ìparí 2023, ọwọ́ mi nìkan, tíṣà kò sí mọ́: ọmọ mi ti wọ polí, ó ń gbé nínú ọgbà. C6. NOUN, yunifásítì ìjọba tí ènìyàn ti lè máa kàwé láti ilé, ń gba èsì ìjókòó ìdánwò méjì pọ̀, wọn kì í béèrè JAMB; òun ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa lọ́dún kejì, tí Ọbásanjọ́ yẹn kan náà sì ṣí padà ní 2002. Mo ti wọlé síbẹ̀. Orí fóònù ni mo ti ń ṣe TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, ọgbọ̀n máàkì nínú ọgọ́rùn-ún, aṣọ ń gbẹ lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń tú àpótí, mo rí ìwé ìṣirò wa àtijọ́. Mo ṣí i dé ojú ewé tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ oṣù Kẹrin 2022. Ìbéèrè kẹtàdínlógún ò ní àmì kankan, kì í ṣe èyí tó gùn, kì í ṣe tóótó, àfi ìlà pupa tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ tó wọ́ lọ sí etí ìwé. Mo pe ọmọ mi sórí fóònù, mo bi í pé ṣé mo gbà á àbí mi ò gbà á.

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Mọ́mì,” ó ní, “mo ti sùn lọ níbẹ̀ yẹn ni.”